Itsuko Kuwahara, Ẹni tó Kọ Pátákó Gbọ̀ngàn Idà Lẹ́ẹ̀mejì

Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, láti ọ̀dọ̀ ìdílé rẹ̀ (1935–2018)

Ìdílé Kuwahara ti ìlú Tsuwano kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn lónìí. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wa. A rí i pé tàdáwà tó ṣàn, tí kò dúdú, lẹ fi kọ orúkọ yín sára àpòòwé ìbánikẹ́dùn, bó ṣe yẹ kí ó rí nígbà ọ̀fọ̀. Olóògbé ì bá yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ì bá sì ní ọ̀rọ̀ láti bá àwọn kan sọ nípa ìkọ̀wé wọn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkàn wa balẹ̀. Ohun kan wà tó wọ ìyá yìí lọ́rùn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi di arúgbó. Ẹ̀rù ti bà wá tipẹ́ pé yóò gbé e lọ sí sàréè. Kò gbé e lọ. Bí ẹ bá rí i pé ojú wa gbẹ ju bí ẹ ti rò lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

A bí olóògbé ní oṣù kejì ọdún 1935, ní àdúgbò ẹ̀yìn odò ní Tsuwano, nígbà tí yìnyín bo gbogbo òrùlé ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Tomonori Kuwahara ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ idà láti inú ìran tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun olúwa ìlú yìí ní idà láti ayé àwọn baba ńlá wa. Yasu ni ìyá rẹ̀, ọmọ àwọn tó ń fi èèpo igi ṣe tákàdá ní àfonífojì ìsàlẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n bí. Àwọn aládùúgbò máa ń bá bàbá káàánú pé kò ní ọmọkùnrin tí yóò gba gbọ̀ngàn idà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá a sì dá wọn lóhùn pé òun kò tíì rí idà tó béèrè bóyá ọkùnrin ló di òun mú.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1941. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ogun parí, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wa. Àwọn tó ṣẹ́gun pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹlòmíràn ní idà mọ́. Bàbá rẹ̀ fi aṣọ wé idà ìdílé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ fún wọn, a kò sì rí i mọ́ títí dòní. Gbọ̀ngàn di ibi tí a ń kó pòròpórò ìrẹsì àti èédú sí. Láàárín àkókò yẹn náà ni wọ́n yọ ìkọ̀wé oníbúrọ́ọ̀ṣì kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

“Yasu, wọ́n ní kí n má kọ́ ẹnikẹ́ni ní idà.”

“A ti gbọ́ ọ, Bàbá Itsuko. Ẹ jẹun.”

“Ṣé wọ́n ní kí n má lọ tàdáwà lórí òkúta nínú gbọ̀ngàn mi?”

Ìyá wò ó. “Tàdáwà kẹ̀? Ta ló máa fòfin de tàdáwà?”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Itsuko, jẹun tán, kí o wá bá mi kó pòròpórò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí pákó ilẹ̀, ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí ọwọ́ kan kò ká, ó sì ní kó dì í mú bí ẹni di idà mú: ọwọ́ òsì ni agbára wà, ọwọ́ ọ̀tún kàn ń júwe ọ̀nà ni. Kó fa èémí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà, kó sì máa mí síta bí ìlà náà ti ń lọ. Kó má ṣe fa èémí tuntun láàárín. Bí ìlà bá parí, kó dúró gbọin.

“Má tíì sinmi. Ẹni tí o gé ṣì wà níwájú rẹ.”

“Tákàdá ló wà níwájú mi, Bàbá.”

“Òun náà ni mò ń wí.”

Òfin kan wà tó ga ju ìyókù lọ: a kì í padà sórí ìlà tí a ti fà. Ẹni tó ju idà tí kò sì ba ọ̀tá kò lè bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kóun tún un jù. Bákan náà ló rí fún tákàdá. Ìlà tó bá wọ́, ó wọ́. Ẹni tó fà á gbà pé òun lòun fà á, ó sì fa òmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Gbogbo wa ní ìlú yìí la gbọ́ òfin yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ní ti bàbá rẹ̀, òpùrọ́ ni ẹni tó bá tún ìlà fà. Itsuko gbọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ní 1953, nígbà tí olóògbé pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tó sì ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ìjọba ti fún wa láyè láti máa fi idà ọparun kọ́ ara wa padà. A kó èédú kúrò nínú gbọ̀ngàn, a fọ ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ogun kò pa sì padà wá. Pátákó ẹnu ọ̀nà ti jẹrà. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ pátákó gbọ̀ngàn rẹ̀, torí ara rẹ̀ ni àlejò ti máa ń mọ irú ẹni tó wà nínú ilé kó tó bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ lo máa kọ ọ́.”

“Èmi? Kí làwọn èèyàn máa sọ?”

“Wọ́n á sọ pé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ̀n. Mò ń lọ sí tẹ́ńpìlì. Kí n bá a nílẹ̀ tí mo bá dé.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ní láti kọ, tí wọ́n jọ ń jẹ́ Choshinkan: Tòrò, Ọkàn, Ilé, ìyẹn Ilé Ọkàn tó Tòrò. Méjì àkọ́kọ́ jáde wẹ́rẹ́. Níbi ìlà tó gbẹ̀yìn lára ẹ̀kẹta, tàdáwà tán lórí búrọ́ọ̀ṣì, ìlà náà sì parí tínínrín bí òwú. Pákó kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ọ̀sán yẹn gan-an ni àwọn ará ìlú ń bọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn. Ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà, ó sì padà sórí ìlà náà.

Nígbà tó ṣì tutù, ó dáa lójú. Nígbà tó gbẹ, ibẹ̀ ń dán ju ibòmíràn lọ, dúdú lórí dúdú. Bàbá dé, ó wò ó, ó sì pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Sadao Iwamoto, ọmọ ilé tí wọ́n ti ń pọn ọtí ìrẹsì, pé kó gbé àkàbà wá. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ nǹkan kan. Lọ́sàn-án yẹn, gbogbo ìlú ń tẹrí ba níwájú pátákó, wọ́n ń yin ọmọbìnrin tó kọ ọ́. Olóògbé sọ lẹ́yìn náà pé òun kò jẹ àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fún òun lọ́jọ́ yẹn.

Láti 1957 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìkọ̀wé oníbúrọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀sán, tó sì ń bá bàbá rẹ̀ kọ́ wọn ní idà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ní 1959 ó fẹ́ Eisuke Nakao, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní ibùdókọ̀ ìlú yìí. Nítorí pé olóògbé nìkan ni ọmọ bàbá rẹ̀, Eisuke ló wọlé aya, ó sì gba orúkọ Kuwahara. Kò di idà mú rí, ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì dára. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí olóògbé mú un lọ síwájú gbọ̀ngàn.

“Ẹ gbójú sókè. Kí lẹ rí?”

“Pátákó.”

“Ẹ wò ó dáadáa.”

“Pátákó tó dáa.”

“Ìlà ìsàlẹ̀ lára Ilé yẹn, mo tún un fà.”

Eisuke wò ó títí. Lóòótọ́, ó rí i. “Ta ló mọ̀?”

“Èmi.”

“Ṣé Bàbá mọ̀?”

“N kò lè béèrè.”

“Kọ òmíràn nígbà náà.”

“Pátákó tí bàbá mi gbé kọ́? Kí ni mo máa sọ pé ó ṣe é?”

Ọkọ rẹ̀ ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ti ẹnu òun jáde. Kò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Bàbá Tomonori kú ní 1968. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ̀ngàn pé jọ láti yan olórí. Kò sí àríyànjiyàn kankan nípa ẹni tó tọ́ sí. Sadao Iwamoto, tó ti wá di ọ̀gá nílé ọtí bàbá rẹ̀, ló sọ̀rọ̀.

“Itsuko, dìde, lọ jókòó sí àyè bàbá ẹ.”

“Màá máa kọ́ wọn, Ẹ̀gbọ́n. N kò ní jókòó síbẹ̀.”

“Torí pé o jẹ́ obìnrin? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Dárúkọ ẹ̀ kí n lọ bá a nílé.”

“Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.”

“Kí ló wá dé?”

“Mo ní n kò ní jókòó síbẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni tìmùtìmù olórí ṣófo nínú gbọ̀ngàn Choshinkan fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún. Olóògbé ń kọ́ gbogbo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn àlejò máa ń rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n a sì yìn ín. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ohun tí olóògbé sọ fún un ni pé ẹni tó tún ìlà fà kò lè jókòó sí àyè ẹni tó ní kí wọ́n má ṣe é. Ó ní bí òun bá kú bẹ́ẹ̀, òun kò mọ ojú tí òun yóò fi wo bàbá òun.

Ní 1974, ọkùnrin kan tó jẹ́ àgbà olùkọ́ ìkọ̀wé wá láti Hiroshima láti wo gbọ̀ngàn. Ó dúró níwájú pátákó, ó sún mọ́ ọn, ó yí orí. Ọkọ olóògbé ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìlà ìsàlẹ̀ yìí...” ni àlejò náà wí.

“Òjò ni,” ni ọkọ olóògbé dá a lóhùn.

“Òjò?”

“Òjò pọ̀ níbí.”

Àlejò náà tẹrí ba. “Ẹ̀n-ẹ́n. Òjò.”

Àwọn tó gba ọwọ́ olóògbé kọjá pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ sì mọ̀ pé kì í pariwo. Ó máa ń kọ́ ìkọ̀wé bí ẹni ń kọ́ idà, ó sì máa ń kọ́ idà bí ẹni ń kọ́ ìkọ̀wé. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ó máa ní kó lọ fi idà onígi na afẹ́fẹ́ kó tó padà sí ìdí tákàdá. Èyí tó bá ń fi idà ọparun lu ara kiri láìní sùúrù, ó máa fi í sídìí òkúta kó lọ tàdáwà títí yóò fi dúdú dáadáa. Bí ọmọ náà bá ní “Olùkọ́, ó ti dúdú,” a ní “Ó kù.” Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa rántí “Ó kù” yẹn títí ẹ ó fi kú.

Kò ṣàánú ọmọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1978, Naoto, àkọ́bí rẹ̀, wà nínú ìdíje idà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo agbègbè Shimane. Ó lu orí alátakò rẹ̀ lúlù tó mọ́ kedere, asíá àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gòkè fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó fò sókè, ó na ọwọ́ sókè. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba àmì náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tó ń yọ̀ kò tún ṣọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ó pàdánù. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń sunkún.

“Màmá, mo lù ú! Gbogbo ayé ló rí i!”

“Mo rí i.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbà á?”

“O lù ú tán, o wá lọ sí ilé ọtí.”

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, Naoto náà sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé olóògbé kò rẹ́rìn-ín. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹlẹ́sìn Búdà ni, bí ìdílé rẹ̀ ti rí láti ayébáyé. Ní àràárọ̀ ó máa ń lọ jókòó ní tẹ́ńpìlì kí ó tó dáná, ìgbà òtútù àti ìgbà ooru. Ó fẹ̀yìn tì ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1995, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì ní gbọ̀ngàn. Òun ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá jáde ilé ẹ̀kọ́ sára ìwé ẹ̀rí wọn, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, kò sì gba nǹkan kan rí. Nígbà tí òjò ńlá 2013 wó afárá ojú irin tí ẹrẹ̀ sì wọ ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú, ó tó ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó kó àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní ilé àwọn aládùúgbò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó sinmi, ó ń kó ẹrẹ̀ lọ.

Ní 2014, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò padà tán. Kò lè fi í di búrọ́ọ̀ṣì mú, kódà igi ìjẹun a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣíwọ́ ìkọ̀wé. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọkọ rẹ̀ gidi, torí olóògbé kò sọ̀rọ̀ pátákó mọ́ rárá.

Ní 2016, a ní láti tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe. Wọ́n sọ pátákó kalẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti ń parẹ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ wáyé lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Naoto, tó ti di dókítà eyín tó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ló dá ìmọ̀ràn.

“Kò le. Ẹ jẹ́ ká fi tàdáwà tuntun tẹ̀ lé ojú ìlà àtijọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Olóògbé, tó jókòó ti ògiri bí ìṣe rẹ̀, fi ọwọ́ òsì lu ilẹ̀.

“Ẹnikẹ́ni kò ní padà sórí ìlà kankan nínú ilé yìí.”

“Màmá, ó ń parẹ́ ni.”

“Kó parẹ́.”

“Gbọ̀ngàn ò ṣáà lè wà láìní pátákó!”

“N ó kọ òmíràn.”

“Ọwọ́ wo lẹ máa fi kọ ọ́?”

“Naoto, pa ẹnu ẹ dé,” ni Mihoko, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, gbogbo ènìyàn sì wolẹ̀.

Olóògbé kò bínú. Ó ní, “Ọwọ́ tí mo fi ń di idà mú ni. Òsì ni agbára wà. Ọ̀tún kàn ń júwe ọ̀nà ni, kò sì ṣòro fún un láti júwe.”

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ló fi gbé búrọ́ọ̀ṣì ńlá bàbá rẹ̀ jáde. Ó ń dúró lórí ìwé ìròyìn nínú gbọ̀ngàn, búrọ́ọ̀ṣì ń bọ́, ó ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Naoto wá fẹjọ́ sun bàbá rẹ̀ pé ìyá òun yóò ṣubú. Bàbá rẹ̀ ní bí ó bá ṣubú, ilẹ̀ gbọ̀ngàn mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ìgbà tí òdòdó ṣẹ́rì tanná ní 2017, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé sínú gbọ̀ngàn. Bàbá Sadao Iwamoto náà dé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, pẹ̀lú ọ̀pá àti ìgò ọtí ilé rẹ̀ tuntun. Wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀. Ọkọ olóògbé ló lọ tàdáwà, ó sì gbọ́ “Ó kù” tirẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Olóògbé wọ aṣọ idà. Ó tẹrí ba fún pákó bí ẹni ń tẹrí ba fún alátakò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Tòrò jáde. Ó kọjá sí Ọkàn. Lórí ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ Ọkàn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọ̀n, irun búrọ́ọ̀ṣì là sí méjì, àyè funfun kan sì ṣí sílẹ̀ láàárín ìlà bí ẹni ya aṣọ. Gbogbo wa rí i. Tàdáwà ṣì kún orí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹyọ ìfọwọ́kàn kan báyìí ni yóò dí àyè náà. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lókè rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè wò ó, ẹsẹ̀ olóògbé ló ń wò. Ẹsẹ̀ náà kúrò níbẹ̀. Ó kọjá sí Ilé, ó kọ ọ́ tán, ó sì dúró pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ níwájú, kò wo ohun tó kọ, títí èémí rẹ̀ fi tán. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá Iwamoto fi ọ̀pá rìn wá, ó tẹ̀ síwájú, ó yẹ pákó wò.

“Itsuko, èyí dáa. Èyí, o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti àkọ́kọ́ lo tún fà.”

Olóògbé yíjú sí i. “Kí lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ìlà ìsàlẹ̀ lára Ilé. O tún un fà. Kí ló dé tí o ń wò mí báyìí?”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ojú mi ló sọ fún mi! Gbogbo Tsuwano ló mọ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́. Ta nínú wa ni ò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí? Ìyá mi rí i. Ẹni tó ń ta tófù kiri rí i. A ṣáà rò pé o mọ̀ pé a mọ̀.”

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. “Èmi náà rí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Olùkọ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́ nìyẹn.”

“Ọkọ ẹ, Ọ̀gá Rélùwéè yìí,” ni Bàbá Iwamoto wí, ó sì ti na ọ̀pá sí i, “òun ló tún ń sọ fún àlejò pé òjò ni. Òjò wo? Òjò tó gba abẹ́ òrùlé wọlé, tó wá wo gbogbo pátákó, tó sì mú ìlà kan ṣoṣo!”

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Olóògbé kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀:

“Bàbá mi ńkọ́?”

“Èmi ni mo di àkàbà mú fún wọn. Wọ́n gùn ún, wọ́n dúró lókè, wọ́n ń wo ibì kan ṣoṣo yẹn títí apá fi ń ro mí.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní, ‘Sadao, di àkàbà yẹn mú dáadáa.’”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.”

Olóògbé jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ̀gbẹ́ pákó, tàdáwà lára aṣọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá ilẹ̀, ó ń wí pé, “Ẹni tó ń ta tófù! Ẹni tó ń ta tófù pàápàá!” Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. Ọkọ rẹ̀ gbé òkúta tàdáwà jáde lọ fọ̀ ní ìdí kànga. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó wọlé padà, Mihoko ń mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dìde. Olóògbé gbọn aṣọ rẹ̀, ó rìn kọjá ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó lọ sí iwájú gbọ̀ngàn, ó sì jókòó sórí tìmùtìmù bàbá rẹ̀. Gbogbo ènìyàn tò síwájú rẹ̀, wọ́n tẹrí ba, òun náà sì tẹrí ba fún wọn. Bàbá Iwamoto ṣí ìgò ọtí. Pátákó àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, olóògbé ní kí wọ́n má jó o, kí wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń wọṣọ, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ wọn yóò ti tó o.

Ó jẹ́ olórí gbọ̀ngàn Choshinkan fún ọdún kan àti ààbọ̀. Oorun rẹ̀ dára. Ó sanra díẹ̀. Ó ń bá àwọn ènìyàn jà lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké bí ó ti wù ú, inú ọkọ rẹ̀ sì dùn sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún yìí, ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú díẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bó èso kákì tí a máa ń so kọ́ kó gbẹ. Olóògbé wò ó, ó ní, “Ẹ ń bó o nípọn jù, Bàbá Naoto.” Ó fẹ̀yìn ti òpó, ó dijú. Nígbà tí èso tó wà nínú agbọ̀n yóò fi tán, ó ti lọ.

Ó fi ọkọ sílẹ̀, Eisuke. Ọmọ méjì, Naoto àti Mihoko. Ìyàwó Naoto, Sachie. Àwọn ọmọ-ọmọ, Ren, Kotone àti Yūma. Àti àwọn tó kọ́ ní idà àti ní ìkọ̀wé, tí kò sí ilé kan ní ìlú yìí tí a kò ti lè rí ọ̀kan nínú wọn. Bàbá Iwamoto, tó ṣì wà láàyè, ní kí a kọ orúkọ òun síbí pẹ̀lú. A ti kọ ọ́.

Bí àṣìṣe bá wà nínú ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a kò sì padà sórí rẹ̀.

Itsuko, iṣẹ́ ti parí. Gbé ọwọ́ rẹ sílẹ̀ wàyí, kí o mí. Kò sí ẹni tó kù níwájú rẹ láti ṣọ́. Kí ilẹ̀ tí o lọ tù ọ́ lára, kí bàbá rẹ pàdé rẹ lọ́nà, kí ojú yín sì ṣe mẹ́rin láìsí ìtìjú. Sùn dáadáa.